Fáànù tó ń pa idì: ṣé ká ríná ni, àbí ká dá ẹyẹ sí?

Awakọ̀580 | Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí kó má di pé mo bá èèyàn jà níbi iṣẹ́.

Ọkọ̀ àjàgbé ni mò ń wà ní California. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń gba ọ̀nà 580 tó la Altamont Pass kọjá, láàárín Livermore sí Tracy. Ẹni tó bá ti gbabẹ̀ rí á mọ̀ pé orí àwọn òkè yẹn kún fún fáànù ńlá tí wọ́n fi ń fa iná látinú afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, wọ́n pọ̀ bí igi ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n kéré, wọ́n wà lórí òpó onírin tó dà bí àkàbà. Ní báyìí púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Àwọn gìrìwò ló rọ́pò wọn, òpó kan ṣoṣo gbọọrọ, apá mẹ́ta, wọ́n ń yí jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú.

Lọ́jọ́rú, èmi àti òyìnbó kan tí a jọ ń gbé ẹrù dúró jẹun. Ó nawọ́ sí orí òkè, ó ní, "Ẹ̀rọ ìpẹyẹ nìyẹn. Idì tí wọ́n ti pa kò lóǹkà. Gáàsì dáa jù ú lọ." Mo ní irọ́ ni. Ló bá yọ fóònù, ó fi hàn mí. Kì í ṣe irọ́.

Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Tí wọ́n bá sọ fún mi pé fáànù mẹ́wàá á fún àdúgbò wọn níná, àmọ́ á máa pa ẹyẹ mélòó kan lọ́dún, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ọ̀dájú ni mí? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má bú mi.

Ọmọ_Ajé | Sátidé, 8:02 àárọ̀

Ọ̀dájú bí i ti báwo? Èèyàn ò ríná lò, ẹ ń sọ ti ẹyẹ. Ẹyẹ wo ló ń san owó iná? Ká ríná ná.

Wáyà_Mọ́kọ́lá | Sátidé, 8:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Sólà lèmi ń ṣe ní Ìbàdàn, mi ò mọ̀ nípa fáànù. Àmọ́ nígbà tí ẹ ti dárúkọ ẹyẹ, ẹ bá mi dá sí tèmi.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan pè mí pé sólà àwọn ò mú iná wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orí irin ni wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì sí, níbi tí pásítọ̀ ń gbé mọ́tò sí, ìlà méjì, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ. Mo gùn ún. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti fi ẹrẹ̀ mọlé sí abẹ́ ìlà òkè, ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sórí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí igun páńẹ́ẹ̀lì kan bá ṣókùnkùn, gbogbo àwọn tí ẹ so pọ̀ mọ́ ọn ló ń fà sẹ́yìn. Pásítọ̀ ní kí n fi ọ̀pá gún ilé náà wálẹ̀. Mo na ọ̀pá sókè, mo gbọ́ ohùn ọmọ nínú rẹ̀, "tíí, tíí, tíí." Ọwọ́ mi ò gbé e. Mo ní mò ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Ajé | Sátidé, 8:33 àárọ̀

Gún un wálẹ̀, gba owó ẹ, máa lọ.

Tíṣà_Bàólójì | Sátidé, 9:20 àárọ̀

Wáyà, má gún nǹkan kan, mo ń bọ̀ lórí tìrẹ.

Awakọ̀, ẹ ò dájú. Ìbéèrè yín ló wọ́ díẹ̀. Ẹ ní "iná àbí ẹyẹ", bí ẹni pé ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí a lè ri fáànù mọ́. Altamont yẹn gan-an ló kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ pé ibi tí èèyàn bá gbé e sí ló ń dá ẹjọ́ náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n mọ́bẹ̀, lẹ́yìn tí epo ti wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, wọ́n ju 5,000 lọ. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ wà, ó tán. Kò sẹ́ni tó wo ojú ọ̀run kó tó gbẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àgbègbè yẹn wà lára ibi tí idì tí wọ́n ń pè ní golden eagle ti ń pamọ jù láyé. Kí ni idì ń wá níbẹ̀? Ikún! Màlúù ń jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ikún ń gbẹ́ ihò sí i, idì ń rí ikún kedere láti òkè. Á ranjú mọ́ oúnjẹ nísàlẹ̀, kò ní wo iwájú, ibẹ̀ ni apá fáànù á ti gbá a. Àwa la máa ń sọ pé ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani. Lọ́tẹ̀ yìí, ikún fúnra rẹ̀ ló di ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní California, tó jáde ní 2004, fojú bù ú pé idì 75 sí 116 ló ń kú níbẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí ò kan àṣá, òwìwí àti àwọn ẹyẹ yòókù. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹyẹ pe ẹjọ́, wọ́n sì fẹnu kò ní 2007 pé kí àwọn tó ni fáànù dín ikú ẹyẹ apẹran kù sí ìdajì. Ara ohun tó bí àwọn gìrìwò tí ẹ ń rí nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ bí ogún nínú ti àtijọ́, nítorí náà òpó tí ẹyẹ máa kọ lù dín kù, a sì lè mú un kúrò ní ibi tí idì ń gbà kọjá jù.

Ọmọ_Ajé | Sátidé, 9:41 àárọ̀

Tíṣà, ológbò ń pa ẹyẹ ju fáànù lọ. Mo ti kà á rí. Ẹ lọ pe ológbò lẹ́jọ́.

Tíṣà_Bàólójì | Sátidé, 9:58 àárọ̀

O kà á re. Ìṣirò kan tó jáde ní 2013 sọ pé ẹyẹ bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 ni ológbò ń pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún. Ti fáànù jẹ́ 140,000 sí 328,000. Tó bá jẹ́ iye orí la fẹ́ fi dájọ́, ológbò ló jẹ̀bi.

Àmọ́ ológbò wo lo mọ̀ tó pa idì rí? Ológoṣẹ́ ń yé, ó tún ń yé kí ọdún tó yí. Idì á yé ẹyin méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ọmọ kan ló ń yè, ọmọ náà á sì lo bí ọdún márùn-ún kó tó lè bí tirẹ̀. Kí náírà mẹ́wàá máa jábọ́ lápò rẹ lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n jí ìwé ilẹ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ_Ajé | Sátidé, 10:04 àárọ̀

Ó dáa. O mú mi níbẹ̀ yẹn.

Àǹtí_Hull | Sátidé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí àwa tó ń ṣe fáànù náà sọ̀rọ̀. Ní Hull níbí, ní England, apá fáànù ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe, àwọn tí wọ́n ń kó lọ rì sójú òkun. Apá kan ṣoṣo ju mítà 80 lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọwọ́ pa ojú rẹ̀ kiri láti ìdí dé ṣóńṣó, kí n wá ibi tó họ tàbí tó wú. Tí mo bá parí apá kan, ó dà bí ẹni tó ti Ṣángo rìn dé Mọ́kọ́lá. (Àsọdùn ni o, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.)

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ẹyẹ ò ṣe rí nǹkan tó tóbi tó báyẹn. Ẹ lọ tan fáànù yàrá yín, kí ẹ yí i dé ibi tó yára jù, kí ẹ wá wo apá rẹ̀. Ẹ ò ní rí apá mọ́, bí èéfín ló máa rí. Bó ṣe ń rí lójú idì nìyẹn. Ní erékùṣù Smøla ní Nọ́wè, fáànù 68 ló wà, idì onírù funfun sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mú fáànù mẹ́rin, wọ́n kun apá kan nínú mẹ́ta ní dúdú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí náà jáde ní 2020: ẹyẹ tó ń kú nídìí àwọn mẹ́rin yẹn fi bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí ti àwọn tí wọn ò kùn. Ọ̀dà dúdú lásán!

Wáyà_Mọ́kọ́lá | Sátidé, 1:22 ọ̀sán

Kí ló wá dé tí wọn ò kun gbogbo ẹ̀ ní dúdú?

Àǹtí_Hull | Sátidé, 1:50 ọ̀sán

Àkọ́kọ́, fáànù mẹ́rin kéré láti fi búra, wọ́n ṣì ń dán an wò níbòmíì. Èkejì, dúdú ń fa oòrùn mọ́ra, ara apá náà á máa gbóná ju ti èkejì lọ, àwa tó ń ṣe é sì mọ ohun tí ooru ń ṣe fún gílúù. Ẹ̀kẹta, àwọn awakọ̀ òfuurufú ní òfin tiwọn lórí àwọ̀ tí nǹkan gíga gbọ́dọ̀ ní. Kí wọ́n kùn ún kó tó gòkè ló rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi okùn gun fáànù tó ti wà lórí òkè lọ kùn, owó ńlá ni.

Ti òkun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹyẹ òkun kan wà tó ń jẹ́ kittiwake, àpáta Flamborough tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ń pamọ sí. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí Hornsea 3, ọ̀wọ́ fáànù ńlá kan lójú òkun, ní December 2020, wọ́n fi í ṣe dandan pé kí àwọn tó ni í kọ́ ilé fún ẹyẹ náà, láti fi dípò àwọn tí fáànù lè pa. Ọkọ mi ní ẹyẹ ti rí ilé káńsù gbà ṣáájú òun.

Ariwo tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fi òòlù ńlá lu òpó wọlẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ẹranko omi tí ń fi etí mọ̀nà, bíi porpoise, á sá tàbí kí etí rẹ̀ di. Jámánì wá ní ariwo náà ò gbọ́dọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 160 lọ ní mítà 750 sí ibi iṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á tẹ́ páìpù oníhò yí ibẹ̀ ká nísàlẹ̀ omi, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, omi á máa hó gùdùgùdù sókè bí ògiri. Ariwo á kọ lu ìfòófó, á rọ̀. Mo rí fídíò rẹ̀, mo rò pé omi ọbẹ̀ ló ń hó.

Lọ́yà_Kékeré | Sátidé, 3:05 ọ̀sán

Ẹ ń sọ ti fáànù, ẹ ò sọ ti wáyà tó ń gbé iná náà lọ. Ẹ wo Rajasthan ní Íńdíà. Aṣálẹ̀ ni, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ò lópin, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó sólà àti fáànù lọ. Ẹyẹ ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní godawan. Ó wúwo, ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kò rí iwájú dáadáa, tó bá rí wáyà kò lè yà mọ́. Èyí tó kù nínú igbó kò tó 150.

Ní April 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ ní kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ ní ibi tí ẹyẹ náà ń gbé. Ìjọba padà wá pé kò ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ pọ̀ jù, Íńdíà náà sì ti ṣèlérí iná tí kò ní èéfín fún ayé. Ní March 2024, ilé ẹjọ́ náà yí àṣẹ ọ̀hún padà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ kó yan ibi tí wọ́n á rì í sí. Lójú tèmi, ìgbà tí wọ́n ń ya máàpù ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tó kọ́lé tán tó wá ń wá ẹ̀tọ́ ọ̀nà, ẹjọ́ ni yóò máa rò.

Baba_Ọdẹ_Ṣakí | Sátidé, 8:10 alẹ́

Mo kí gbogbo yín, àgbà àti ọmọdé. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, tó bá ṣi tẹ̀, ẹ bá a wí.

Awakọ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, mo gbọ́ tìrẹ. Àmọ́ fáànù tí o ń fọkàn yàwòrán sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ṣé o ti dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ rí? Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa ẹran nílẹ̀ wa yàtọ̀.

Nígbà tí mo di ọdẹ, tí mo bá fi iná orí wọgbó ní alẹ́, ojú ẹtu àti ìgalà ni mo máa ń bá pàdé kí n tó dé abà mi. Ní báyìí, ààké àti èédú ni mò ń bá pàdé. Igi ayín tí ẹ fi ń rin ẹnu ni wọ́n ń gé jù torí èédú rẹ̀ ń pẹ́ níná. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó, á máa rú èéfín fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá wú u, àpò funfun funfun lẹ máa rí lẹ́bàá títì, tírélà á sì kó o lọ sí Èkó. Ẹ̀yin tó ń se ẹ̀wà lórí èédú ní Èkó, igbó wa lẹ ń dá sínú ààrò. Wọ́n ti ń súnmọ́ igbó ọba, ọgbà ẹranko ìjọba tó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, báyìí.

Ẹ tún ń sọ ti idì. Igún ńkọ́? Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ẹ lọ sí Ọjà Bódè ní Ìbàdàn, kí ẹ béèrè orí igún, kí ẹ gbọ́ bóyá wọ́n máa ní kò sí. Mi ò rí igún tó bà lórí igi ìlú wa mọ́.

Tíṣà_Bàólójì | Sátidé, 8:46 alẹ́

Baba, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ igún tiwa sínú ìwé àwọn tó fẹ́ẹ́ tán pátápátá. Oògùn àti májèlé ló ń pa wọ́n ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ti afẹ́fẹ́ náà, òótọ́ lẹ sọ. Ìhà Àríwá ni afẹ́fẹ́ ti le díẹ̀. Ní Lambar Rimi ní Kàtsínà, ìjọba ri fáànù 37 mọ́lẹ̀, mẹ́gáwáàtì 10 péré ni gbogbo wọn yẹ kó mú wá.

Ọmọ_Bussa | Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin tó ń pariwo fáànù, dáàmù ńkọ́? Òun náà ni a ń pè ní iná tí kò ní èéfín. Yorùbá ni bàbá mi, àmọ́ New Bussa ni wọ́n bí mi sí torí ibi dáàmù ló ti ṣiṣẹ́.

Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n kọ́ Kainji. Omi bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Wọ́n kó èèyàn tó lé ní 40,000 kúrò. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa máa ń nawọ́ sí àárín omi pé, "Ilé wa nìyẹn." Omi pẹrẹsẹ lásán ni èmi ń rí. Ìsàlẹ̀ odò tún yí padà: àkúnya omi tí ń wá lásìkò tẹ́lẹ̀, tó ń gbé ẹja wá sínú àbàtà, tó ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tútù, ẹni tó wà nídìí ilẹ̀kùn dáàmù ló ń pàṣẹ rẹ̀ báyìí.

Ẹ wá wo ìyàlẹ́nu níbẹ̀. Ní 1979, ẹ̀gbẹ́ adágún yìí kan náà ni wọ́n dá ọgbà ẹranko àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀, Borgu lápá kan, Zugurma lápá kejì. Nígbà èwe mi, a máa ń gbọ́ ohùn erinmi lóru. Nítorí náà mi ò lè sọ fún yín pé dáàmù pa ohun gbogbo. Ó pa òmíì, òmíì sì rí ibi tó ń gbé nídìí rẹ̀. Ohun tó ń lé àwọn olùṣọ́ ọgbà náà kúrò lónìí kì í ṣe iná rárá, ìbọn ni.

Ìjẹ̀bú_Nairobi | Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Kẹ́ńyà sí i, torí ọ̀rọ̀ igún tí Baba sọ wọ̀ mí lára. Ní Kajiado, níbi tí wọ́n ń pè ní Kipeto, fáànù 60 ló wà, mẹ́gáwáàtì 100. Igún ń gbé nítòsí ibẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba àwọn èèyàn síṣẹ́, wọ́n fún wọn ní awò, wọ́n ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ojú ọ̀run. Tí igún bá ń bọ̀, ẹni yẹn á sọ̀rọ̀ sínú rédíò, wọ́n á pa fáànù tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Tó bá kọjá, wọ́n á tàn án padà.

Mo ti kọjá níbẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó kan. Ọmọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn, orí rẹ̀ wà lókè ṣáá. Mo ní ọrùn ò dùn ún ni? Awakọ̀ wa rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Awakọ̀580 | Ajé, 5:55 àárọ̀

Mo dúpẹ́ gan-an. Baba Ọdẹ, ẹ mú mi. Òótọ́ ni, fìlà mi ò fò rí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ sólà tí Wáyà sọ ló rán mi létí nǹkan. Mo máa ń gbẹ́rù lọ sí Las Vegas, ọ̀nà 15. Kí ẹ tó wọ Nevada, ilé ìṣọ́ gíga mẹ́ta wà nínú aṣálẹ̀, wọ́n ń jẹ́ Ivanpah, wọ́n ṣí i ní 2014. Kì í ṣe páńẹ́ẹ̀lì o. Dígí ni, ó ju 170,000 lọ, gbogbo wọn ń ju oòrùn sí orí ilé ìṣọ́ láti fi hó omi, kí ooru omi náà lè yí ẹ̀rọ iná. Orí àwọn ilé ìṣọ́ náà ń tàn débi pé mo máa ń fa ìdènà oòrùn iwájú mọ́tò wálẹ̀. Kòkòrò ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹyẹ ń tẹ̀lé kòkòrò, ìyẹ́ wọn á gbaná ní òfuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe èyí tó bá ń já bọ́ tòun ti èéfín nídìí.

Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ìjàpá aṣálẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ní 2011 ìjọba dá apá kan iṣẹ́ náà dúró torí pé ìjàpá tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ ju iye tí wọ́n fojú bù lọ. Gbogbo ìyẹn, nígbà tí òrùlé ilé ìtajà ńláńlá tí mò ń gbé ẹrù lọ fún wà ní òfìfo. Èmi ni mò ń já ẹrù síbẹ̀, mo mọ bí òrùlé náà ṣe fẹ̀ tó.

Ọmọ_Ajé | Ajé, 7:20 àárọ̀

Ìjàpá náà tún fẹjọ́ sun ìjọba! Ọ̀tẹ̀ ẹ̀ ò tán.

Tíṣà_Bàólójì | Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan ló kù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn: àdán. Bí òpó fáànù ṣe ń ga sí i ni àdán tó ń kú nídìí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìwádìí ti fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nítorí náà àwọn gìrìwò tí wọ́n rì torí idì lè di wàhálà fún àdán. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Kò mọ̀ pé ó kù sí ọ̀dọ̀ òun.

Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Àdán kì í fẹ́ fò tí afẹ́fẹ́ bá le. Alẹ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀ ni ó ń jáde, alẹ́ yẹn náà sì ni fáànù kì í rí iná púpọ̀ ṣe. Wọ́n kàn ní kí fáànù má yí títí afẹ́fẹ́ á fi le díẹ̀ sí i. Ìwádìí kan ní Pennsylvania tó jáde ní 2011 rí i pé ikú àdán fi ìdá 44 sí 93 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, iná tí wọ́n pàdánù kò sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn, àìfẹ́ ni, kì í ṣe àìlówó.

Ẹ̀yin tó kàwé ní Ifẹ̀ mọ àwọn àdán tó bo igi inú ọgbà yunifásítì, tí wọ́n ń pariwo bí ọjà. A máa ń ṣépè fún wọn tí wọ́n bá ṣu sí wa láṣọ. Irú àdán yẹn ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń gbé kóró rẹ̀ fò lọ gbìn sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ń wá pákó ìrókò fún ilẹ̀kùn, kó mọ ẹni tó gbìn ín.

Wáyà, tìrẹ wá kàn. Má fọwọ́ kan ilé ẹyẹ yẹn títí ọmọ á fi fò. Kan pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó máa gba ìgbẹ́. Fọ páńẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú un. Tí o bá da omi tútù sí dígí gbígbóná, ó lè sán. Ìgbà tí wọ́n bá fò lọ tán ni kí o wá fi nẹ́ẹ̀tì dí abẹ́ rẹ̀.

Wáyà_Mọ́kọ́lá | Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, sà. Pásítọ̀ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún.

Àǹtí_Hull | Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ní kó ṣí Sáàmù 84, ẹsẹ kẹta, níbi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti rí ibi tó tẹ́ ìtẹ́ sí lẹ́bàá pẹpẹ Olúwa. Kó sọ fún ọ bóyá ti ibi tí mọ́tò ń dúró sí ló ṣòro.

Ọmọ_Ajé | Ìṣẹ́gun, 10:11 àárọ̀

Àǹtí, ẹ ò ṣeé bá jà. Wáyà, tí o bá ráyè, kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ iye tí sólà máa jẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù mi, fíríìjì méjì àti iná mẹ́rin. Orí òrùlé o, mi ò ní ilẹ̀ ìjàpá.

Wáyà_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn náà, 6:48 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Pásítọ̀ ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bojú wò mí, ó ní, "Kan pákó rẹ." Mo kàn án. Iná gòkè padà lọ́jọ́ tí mo fọ̀ ọ́, kì í ṣe tán pátápátá, àmọ́ fíríìjì wọn ò kú mọ́ lóru.

Láàárọ̀ òní mo gùn ún. Ilé ẹrẹ̀ náà ti ṣófo, ìyẹ́ kan péré ló kù ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní òun rí mẹ́ta tó fò jáde lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí wọ́n ń kọrin lọ́wọ́. Mo ti mú nẹ́ẹ̀tì bọ̀ nínú ọkọ̀. Àmọ́ ẹyẹ méjì ti tún wá bà sórí wáyà lókè níbẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀kan. Tíṣà, ẹ tètè dá mi lóhùn, mo ṣì wà lórí àkàbà.